Linux lórí láptọ́ọ̀pù iṣẹ́

Linux lórí láptọ́ọ̀pù iṣẹ́ ni fífi sístẹ́mù ìṣiṣẹ́ Linux, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀, darí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí òṣìṣẹ́ fi ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, dípò Windows ti ilé-iṣẹ́ Microsoft tàbí macOS ti ilé-iṣẹ́ Apple. Sístẹ́mù ìṣiṣẹ́ ni ètò tó dúró láàárín ẹ̀rọ àti ẹni tó ń lò ó: òun ló ń pín iṣẹ́ fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, òun ló ń tọ́jú fáìlì, òun náà ló sì ń pinnu ẹni tó lè wọlé. Linux jẹ́ sístẹ́mù tí a ṣí orísun rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè ka kóòdù tí a fi kọ ọ́, kí ó tún un ṣe bó ṣe fẹ́, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró, Linux ti gbilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017 ni gbogbo 500 kọ̀ǹpútà alágbára jùlọ lágbàáyé tí àkójọ TOP500 ń tò ti ń lo Linux, kẹ́nẹ́lì rẹ̀, ìyẹn ọkàn sístẹ́mù náà, ló sì wà nínú gbogbo fóònù Android. Orí tábìlì òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni kò tíì ráyè dé tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó fà á kì í sábà jẹ́ àbùkù ara Linux. Ohun tó yí iṣẹ́ ká ni: irú ìwé tí ọ̀gá ń retí, ẹ̀yà ara láptọ́ọ̀pù tí ẹni tó ṣe é kò sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, àti ìbéèrè pé ta ló ni ẹ̀rọ náà gan-an.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ni Richard Stallman, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU, èyí tó fẹ́ fi kọ sístẹ́mù tí gbogbo ènìyàn yóò ní òmìnira lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ ló jáde láti inú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kẹ́nẹ́lì rẹ̀ kò parí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ní Yunifásítì Helsinki ní Fínlándì, kéde pé òun ń kọ kẹ́nẹ́lì kan fún ìgbádùn ara òun. Ní 1992 ó fi kẹ́nẹ́lì náà sábẹ́ ìwé-àṣẹ GPL tí Stallman kọ. Ìwé-àṣẹ yìí fàyè gba ẹnikẹ́ni láti lo iṣẹ́ náà, ó sì fi dandan lé e pé ẹni tó bá pín in lẹ́yìn àtúnṣe gbọ́dọ̀ ṣí orísun àtúnṣe tirẹ̀ náà sílẹ̀.

Kẹ́nẹ́lì nìkan kò ṣe é fi ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń kó kẹ́nẹ́lì àti irinṣẹ́ mìíràn pọ̀ di odindi sístẹ́mù ni wọ́n ń dá ẹ̀yà Linux sílẹ̀. Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Orúkọ tirẹ̀ àti ti Debra, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nígbà náà, ló so pọ̀ di orúkọ ẹ̀yà náà. Fedora jáde ní 2003. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, gbé Ubuntu jáde láti ara Debian. Ọ̀rọ̀ inú àwọn èdè Nguni, bíi Zulu àti Xhosa, ni ubuntu, ó sì dúró fún jíjẹ́ ènìyàn nípasẹ̀ àwọn ènìyàn yòókù. Ó sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ méjèèjì kò dọ́gba. Fún ọdún mélòó kan, títí di 2011, ilé-iṣẹ́ Canonical tó ni Ubuntu ń fi àwo CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè níbikíbi lágbàáyé. Àǹfààní ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn tó ń gbé níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n tí kò sì yára.

Ẹ̀yà Ubuntu tí ọ́fíìsì sábà máa ń yàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní LTS. Ọdún méjì-méjì ló ń jáde, wọ́n sì ń ṣe àtúnṣe ààbò rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ yí padà ní gbogbo oṣù mẹ́fà ni èyí bá lára mu.

Ta ló ni ẹ̀rọ?

Ìyàtọ̀ wà láàárín láptọ́ọ̀pù tí òṣìṣẹ́ fi owó ara rẹ̀ rà àti èyí tí ilé-iṣẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ kò ní wàhálà púpọ̀. Èkejì jẹ́ ohun ìní agbanisíṣẹ́, ó sì sábà máa ń ní àwọn ètò tí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ fi ń mójú tó o láti òkèèrè: wọ́n lè ti ẹ̀rọ náà pa, wọ́n lè nu ohun gbogbo inú rẹ̀ bí olè bá jí i, wọ́n sì lè wádìí bóyá àtúnṣe ààbò ti wọlé. Ẹni tó bá nu Windows kúrò láìgbàṣẹ ti nu gbogbo èyí kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè la ìbáwí lọ, kódà bí sístẹ́mù tuntun náà bá ní ààbò ju ti àtijọ́ lọ.

Ẹni tí wọn kò fún ní àṣẹ láti pa Windows rẹ́ ṣì ní ọ̀nà mìíràn. Ó lè gbé Linux sórí fíláàṣì USB kí ó sì tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, láìfọwọ́ kan ohunkóhun lórí díìsìkì. Ó lè ṣí Linux sínú Windows gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà. Láti 2016, Microsoft fúnra rẹ̀ ti ṣe ohun kan tó ń jẹ́ WSL, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn irinṣẹ́ Linux ṣiṣẹ́ nínú Windows. Àwọn tó ń kọ kóòdù ló ń lò ó jù. Ọ̀nà kẹrin ni láti fi sístẹ́mù méjèèjì sórí díìsìkì kan, kí a máa yan èyí tí a fẹ́ nígbà tí a bá ń tan ẹ̀rọ. Ọ̀nà yìí ló ń kó àwọn aláìfura sí wàhálà jùlọ. Bí ilé-iṣẹ́ bá ti fi BitLocker dí díìsìkì Windows, ìyípadà kékeré nínú ètò ìtanná kọ̀ǹpútà lè mú kí ó béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó ní nọ́ńbà 48. Ọwọ́ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ náà sì sábà máa ń wà, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ kan fọwọ́ sí i gbangba. Google ní ẹ̀yà tirẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀: Goobuntu, tí wọ́n fà yọ láti ara Ubuntu, ni wọ́n kọ́kọ́ lò kí wọ́n tó yí sí gLinux, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ Debian. Àwọn olùṣe láptọ́ọ̀pù náà ti ń dá sí i. Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta XPS 13 pẹ̀lú Ubuntu nínú rẹ̀ ní 2012, Lenovo sì ń ta àwọn ThinkPad kan pẹ̀lú Fedora láti 2020.

Ìlú Munich

Kò sí ibi tí wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò tí ariwo rẹ̀ pọ̀ tó ti Munich, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bavaria ní Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí 2003, kọ̀ǹpútà tó tó 14,000 ni ìjọba ìlú náà ní, Windows NT 4 ni wọ́n sì ń lò, èyí tí Microsoft fẹ́ dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró. Ìlú náà ní láti yan ohun tuntun. Steve Ballmer, ọ̀gá àgbà Microsoft nígbà náà, fi ìsinmi rẹ̀ sílẹ̀ wá bá mẹ́yọ̀ ìlú náà, Christian Ude, sọ̀rọ̀, Microsoft sì dín iye owó rẹ̀ kù. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2003, ìgbìmọ̀ ìlú dìbò fún Linux. LiMux ni wọ́n sọ ẹ̀yà tiwọn.

Iṣẹ́ náà kò yá. Ní 2004, wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù pé òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń jíròrò lórí ẹ̀tọ́ àwọn olùdásílẹ̀ sọ́ftíwià lè sọ ìlú náà di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé ìṣòro gidi kò sí nínú sístẹ́mù. Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó lé ní ogún ló wà ní ìlú náà, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú, àwọn awòṣe lẹ́tà àti àwọn ètò kéékèèké tí òṣìṣẹ́ ti kọ sínú Microsoft Office fún ọ̀pọ̀ ọdún sì wà káàkiri láìsí ẹni tó mọ iye wọn. Kí wọ́n lè rí ọ̀nà gbà, wọ́n ṣe irinṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní WollMux, tó ń kó awòṣe lẹ́tà gbogbo ẹ̀ka jọ sí ojú kan. Ní 2008 wọ́n ṣí orísun rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ìparí 2013, LiMux ti wà lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 14,800 nínú nǹkan bí 15,500. Ìlú náà sọ pé òun ti rí owó tó lé ní mílíọ̀nù 10 yúrò fi pamọ́, Microsoft sì gbé ìwádìí tó sanwó fún jáde láti takò ó.

Ní 2014, Dieter Reiter di mẹ́yọ̀. Àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé inú àwọn òṣìṣẹ́ kò dùn, pé ìwé tí wọ́n ń gbà láti òde kì í ṣí dáadáa. Ìjọba ìlú ní kí ilé-iṣẹ́ Accenture wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ìwádìí 2016 yẹn tọ́ka sí jùlọ ni bí wọ́n ṣe ṣètò iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ìlú náà, kì í ṣe Linux; àwọn tó ń ka ìtàn LiMux sì máa ń gbàgbé apá yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ìgbìmọ̀ ìlú pinnu láti padà sí Windows pẹ̀lú owó tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 50 yúrò. Ní ọdún kan ṣáájú ìpinnu náà, Microsoft ti kó olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì wọ inú ìlú Munich láti ẹ̀yìn odi rẹ̀. Àwọn kan rí ìsopọ̀ láàárín méjèèjì, mẹ́yọ̀ náà sì ní kò sí. Ní 2020, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú tuntun tó wọlé fẹnu kò pé níbi tó bá ti ṣeé ṣe, sọ́ftíwià tí a fi owó ará ìlú kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí orísun rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ọ̀nà tí Gendarmerie nationale, ọlọ́pàá ológun ilẹ̀ Faransé, gbà yàtọ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí sístẹ́mù. Ní 2005, wọ́n fi OpenOffice rọ́pò Microsoft Office lórí Windows kan náà tí wọ́n ti ń lò. Lẹ́yìn náà wọ́n mú Firefox àti Thunderbird wọlé. Nígbà tó di 2008 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Ubuntu wọlé, ohun tí òṣìṣẹ́ ń rí lójúmọ́ kò yí padà púpọ̀ mọ́. Ẹ̀yà tiwọn, GendBuntu, ti wà lórí kọ̀ǹpútà tó lé ní 37,000 ní 2013, wọ́n sì ń lò ó títí di òní. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní àríwá Jámánì kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà 30,000: LibreOffice ló ṣáájú, Linux ló tẹ̀lé e.

Ohun tó ń dí ọ̀nà

Ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ ń fa ìṣòro. Kí Wi-Fi, káàdì àwòrán tàbí ohun tó ń ka ìtẹ̀ka tó lè ṣiṣẹ́, sístẹ́mù nílò ètò kékeré kan tó mọ èdè wọn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní driver. Olùṣe tí kò bá kọ ọ́ fún Linux, tí kò sì ṣàlàyé bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni tó ń fọwọ́ tálẹ̀ wò. Nvidia lókìkí nínú èyí títí ó fi ṣí orísun apá kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Debian pàápàá, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ láti fi ohun tí orísun rẹ̀ kò ṣí sínú àwo ìfisórí rẹ̀, yí ìpinnu padà láti orí Debian 12 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nítorí pé láptọ́ọ̀pù ìgbàlódé tí kò rí Wi-Fi kò lè gba ohun tó kù láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára kí a fi fíláàṣì USB dán láptọ́ọ̀pù wò kí a tó fi Linux sínú rẹ̀: Wi-Fi, ohùn, kámẹ́rà, àti bóyá ó ń sùn kó sì jí nígbà tí a bá pa á dé. Oorun yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí iná mànàmáná rẹ̀ kò dúró sójú kan, torí láptọ́ọ̀pù tí kò sùn dáadáa yóò jẹ bátìrì rẹ̀ tán nínú àpò.

Ìkejì ni ìwé. Microsoft Office kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux àfi nínú búráwúsà. LibreOffice, tó yapa kúrò lára OpenOffice ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, lè ṣí fáìlì Word àti Excel, ṣùgbọ́n ìwé tó kún fún tábìlì àti àpótí ọ̀rọ̀ lè dé ọwọ́ ẹlòmíràn ní wúruwùru. Ìrísí lẹ́tà máa ń dá kún un: Calibri jẹ́ ti Microsoft, kì í sì í bá Linux wá. Google ní kí wọ́n ṣe Carlito, tí ìbú lẹ́tà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti Calibri, kí ìlà má baà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ètò ìpàdé orí ẹ̀rọ kò le tó bẹ́ẹ̀. Zoom ní ẹ̀yà fún Linux. Teams ní ọ̀kan láti 2019, Microsoft sì fi èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú búráwúsà rọ́pò rẹ̀ ní ìparí 2022.

Ààbò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kòkòrò kọ̀ǹpútà kì í mú Linux. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kọ kòkòrò fún Windows orí tábìlì pọ̀ jù wọ́n lọ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé wíwọlé sí kọ̀ǹpútà kan láti òkèèrè ń gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tú u wò, ó sì rí i pé ẹnì kan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú xz, irinṣẹ́ kékeré tí ẹ̀yà Linux púpọ̀ ń lò láti fún fáìlì kéré. Ẹni náà, tó ń lo orúkọ Jia Tan, ti fi nǹkan bí ọdún méjì ran àwọn tó ni iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kí wọ́n lè fọkàn tán an. Ohun búburú náà kò tíì dé inú àwọn ẹ̀yà tí ọ́fíìsì ń lò. Òṣìṣẹ́ Microsoft ni Freund.

Fún òṣìṣẹ́ lásán, ewu tó sún mọ́ ọn jù ni kí láptọ́ọ̀pù sọnù nínú ọkọ̀. Linux ní LUKS, tó ń sọ gbogbo díìsìkì di àdìtú tí kò ṣeé kà láìsí ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìgbà tí a bá ń fi sístẹ́mù sórí ẹ̀rọ ni ó rọrùn jùlọ láti yàn án, nítorí fífi í sí i lẹ́yìn náà máa ń gba iṣẹ́. Òfin náà kan ọ̀rọ̀ yìí: Òfin Ìdáàbòbò Détà Nàìjíríà ti ọdún 2023 sọ pé bí ìròyìn nípa àwọn ènìyàn bá jò jáde ní ọ̀nà tó lè fi wọ́n sínú ewu, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72.

Kíkọ Yorùbá lórí Linux

Fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ Yorùbá, bí olùkọ́, akọ̀ròyìn àti olùtúmọ̀, apá yìí ló ń pinnu bóyá láptọ́ọ̀pù náà wúlò. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà nínú ètò kíbọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀yà Linux ń lò, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Igbo àti Hausa. Kò sí ohun tí a óò rà tàbí tí a óò wá kiri. Ẹni tó bá fẹ́ kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bó ṣe wà lè yan bọ́tìnnì kan gẹ́gẹ́ bíi Compose: bí ó bá tẹ̀ ẹ́, tó tẹ àmì ìyanu, tó wá tẹ e, yóò rí ẹ. Bákan náà ni ọ àti ṣ.

Àmì ohùn lórí lẹ́tà tó ní àmì ìsàlẹ̀ ló ń bí ìṣòro. Nínú Unicode, á ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ tí a fi àmì òkè tó dá dúró, U+0301, lé lórí, tàbí e lásán tí a fi àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè lé lára. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Irinṣẹ́ ìwákiri bíi grep máa ń wá ohun tí a tẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹni tó bá wá ọjọ́ nínú ọgọ́rùn-ún fáìlì lè rí ìdajì péré. Àwọn kan ṣì ń fi ìlà kékeré tó dúró, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó, èyí sì di ọ̀nà kẹta. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ àwọn fáwẹ́lì wọ̀nyí, sh sì ni wọ́n fi ń kọ ohun tí a ń kọ ní ṣ. Ìwé tó bá ti ibẹ̀ wá kò ní bá ìwákiri tiwa mu rárá.

Orúkọ fáìlì náà ń jìyà rẹ̀. Ètò fáìlì ext4 tí Linux sábà máa ń lò gba orúkọ bí wọ́n bá ṣe fún un, kò yí i padà. HFS+, tí kọ̀ǹpútà Mac fi ọ̀pọ̀ ọdún lò, máa ń tú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ kí ó tó tọ́jú orúkọ. Bí àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ méjì bá ń pín fódà kan láàárín irú ẹ̀rọ méjèèjì, fáìlì méjì lè wà nínú rẹ̀ lórí Linux tí wọ́n ń jẹ́ Ìròyìn Ọ̀sẹ̀, lẹ́tà kan kò sì yàtọ̀ lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Irinṣẹ́ tó ń jẹ́ convmv wà fún títún irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe, uconv sì wà fún ohun inú ìwé. Ẹ̀yà NFC, tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ni ó yẹ kí ọ́fíìsì kan fẹnu kò lé lórí, nítorí òun ni àwọn ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì ń lò jù.